Ibi Tí Kòkòrò Ọsàn Ń Yé Ẹyin Rẹ̀ Sí

Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ètò wá bá wa pé àwa ni a ó sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí, wọ́n bi wá léèrè ohun tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. A dáhùn pé lórí ẹyin kòkòrò ni. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rò pé ohun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ó mú wá. A kò bá a wí. Ẹyin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, gígùn gbogbo wọn kò ju mílímítà kan lọ. Síbẹ̀, nítorí ẹyin yìí àti ohun tí ń jáde láti inú rẹ̀, a ti rí àgbẹ̀ ọlọ́rọ̀ ní òkè òkun tí ó ta oko bàbá rẹ̀, tí a sì fi ilé kọ́ sí ojú ibi tí ọsàn wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara wa. Igi ọsàn mẹ́rin ni ó wà ní ẹ̀yìn ilé tí a ń gbé: ọsàn mímu méjì, tànjarín kan, àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan tí àwọn aládùúgbò máa ń wá já nígbà tí ọ̀fìnkìn bá ń dà wọ́n láàmú. Àwa fúnra wa ni a ń tọ́jú wọn. Ní ìgbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, a kọ́ wa pé igi tí a bá ń rẹ́ lọ́wọ́ a máa so dáradára, a sì di ẹ̀kọ́ yìí mú ju bí ó ti yẹ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni a ń mú àdá jáde. Bí a bá gé ẹ̀ka kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, a ó gé òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A ń kó ìgbẹ́ adìẹ sí ìdí wọn, a sì ń bomi rin wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, kò sí ìgbà kan tí a kò rí ewé titun lára àwọn igi náà. Inú wa dùn sí i. Bí àlejò bá dé, a máa ń mú un yí ẹ̀yìnkùlé ká kí ó lè yìn wá.

Ní ọdún kan, a ṣàkíyèsí pé àwọn ewé titun náà kò là dáradára mọ́. Wọ́n ń ká kò, wọ́n ń lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí a fún tán tí a kò sá. Nǹkan funfun tín-ín-tín bí gígé òwú wà lára wọn, èèrà ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀ka, ewé ìsàlẹ̀ sì dúdú bí ẹni pé a fi èédú kùn wọ́n. A pò ọṣẹ mọ́ omi, a sì fi wẹ̀ wọ́n. Wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n tún dé. A tún wẹ̀ wọ́n. Báyìí ni a ń ṣe títí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀gbìn, fi wá kí wa. Ó já ọ̀mùnú kan, ó gbé awò amú-nǹkan-tóbi jáde láti inú àpò rẹ̀, ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, “Bàbá, ta ni ó ń rẹ́ àwọn igi wọ̀nyí lọ́wọ́?” A fi ìgbéraga dáhùn pé àwa ni. Ó ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ ń tẹ́ ibùsùn fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá díẹ̀, a kò níí purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé awò náà lé wa lọ́wọ́ tí àwa pẹ̀lú sì wò ó, a rí i pé òtítọ́ ni ó sọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ka ohunkóhun tí ọwọ́ wa bá bà nípa kòkòrò yìí, èso ìwé kíkà náà ni a gbé wá fún yín.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Diaphorina citri. Ará Jàpáánì kan tí ń jẹ́ Kuwayama ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1908, láti ara àwọn tí a mú ní erékùṣù Taiwan. Ilẹ̀ Éṣíà ni ilé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ilé ọsàn fúnra rẹ̀. Èyí tí ó ti dàgbà kò gùn ju mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àbààwọ́n tí ó dàbí àwọ̀ ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì rí bí abẹ́rẹ́, tí ó fi ń fa oje inú ewé. Nígbà tí ó bá ń mu oje, a dorí kodò mọ́ ara ewé, a sì gbé ìdí sókè, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ń gbálẹ̀ àgbàlá. Nítorí ìdúró yìí, àti nítorí pé a kò rí orúkọ Yorùbá kankan fún un, a ó máa pè é ní agbédìísókè ní ìrọ̀lẹ́ òní. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní orúkọ tí ó sàn jù èyí lọ, kí ó jọ̀wọ́ fi tó wa létí kí a tó túká.

Wàyí o, igi ọsàn tí ó dàgbà a máa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé. Ènìyàn lè rò pé ibi gbogbo ni ó dára fún kòkòrò tí ó kéré tó báyìí láti yé ẹyin sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ewé tí ó ti gbó, tí ó le, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti jinlẹ̀, agbédìísókè kì í yé ẹyin sí i. Kì í yé sí ara èso. Kì í yé sí èèpo igi. Kì í yé sí ẹ̀ka tí ó ti le. Ibì kan ṣoṣo ni ó ń wá, èyí nì ni ọ̀mùnú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, nígbà tí àwọn ewé rẹ̀ ṣì pa pọ̀ bí ọwọ́ ọmọ titun tí ó di ìkúùkù. Láàárín àwọn ewé kékeré wọ̀nyí tí kò tíì là, ní ìdí wọn, àti ní àyíká ojú èéhù tí ó wà ní igun láàárín ewé àti ẹ̀ka, ibẹ̀ ni ó ń ti ìdí rẹ̀ bọ̀ tí ó sì ń yé. Nígbà tí ewé náà bá ti là tán, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í le, àkókò ti kọjá. Agbédìísókè ti fò lọ wá òmíràn. Àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí èéhù yọ àti ìgbà tí ewé le kò pẹ́. Ìyá náà mọ̀ ọ́n, ó sì ń yára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹyin náà fúnra rẹ̀. Ó rí bí hóró ẹ̀gúsí, ó gbòòrò ní ìsàlẹ̀, ó sì ṣe ṣónṣó ní òkè. Bí ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó funfun díẹ̀; lẹ́yìn náà a di àwọ̀ ìyeyè, a sì wá pọ́n bí ọsàn kí ó tó pa. Kì í ṣe pé ìyá kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ewé bí ẹni lẹ òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹyin náà ní ọ̀pá kékeré kan ní ìdí rẹ̀, ọ̀pá yìí a sì wọ inú ara ewé lọ, ibẹ̀ ni ẹyin sì ti ń rí omi gbà. Nítorí náà, ibi tí a yé e sí ni ó ń mú un yè. Bí ọ̀mùnú náà bá gbẹ, ẹyin náà kò lè yè.

Èéṣe tí ó fi ṣa ewé ṣà tó báyìí? Ìdí rẹ̀ wà lára ọmọ tí yóò jáde. Bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin bá kọjá, ẹyin yóò pa, ọmọ yóò sì jáde láìní ìyẹ́. Ẹnu rẹ̀ kúrú púpọ̀, ó sì ní láti gún ewé dé ibi tí oje dídùn ń gbà kọjá nínú iṣan ewé kí ó tó rí oúnjẹ jẹ. Lára ewé tí ó gbó, fọ́nrán líle ti yí ọ̀nà oje náà ká bí odi tí a mọ yí ìlú ká. Lára ọ̀mùnú, odi náà kò tíì sí, tàbí kí ó ṣì fẹ́lẹ́. Ọmọ tí a bí sórí ewé gbígbó yóò kú sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ. Àwọn baba wa ti sọ pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ní ti agbédìísókè, kò tó pé kí ó gbé inú ọsàn, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ inú ọsàn ní ọjọ́ mélòó kan péré nínú ìgbésí ayé ewé náà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jùlọ nínú gbogbo ohun tí a kà nìyí: abo tí kò bá rí ọ̀mùnú kì í lè mú ẹyin gbó nínú ara rẹ̀. Yóò máa jókòó sórí ewé gbígbó, yóò máa mu oje díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa dúró. Ó lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọ̀mùnú bá yọ, tí ó sì mu nínú oje rẹ̀, nígbà náà ni ẹyin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, tí yóò sì máa yé. Àwọn onímọ̀ tí ó ti kà á ní ibi tí ooru ti mọ níwọ̀n ti rí i pé abo kan lè yé ju 700 ẹyin lọ ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ibi tí ó bá tutù, láti ẹyin títí di kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méje. Ní irú ooru tí ó wà ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ rántí pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni a ń rí wọn padà lẹ́yìn ọṣẹ wa.

Nísinsìnyí ẹ ó mọ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sọ. Igi ọsàn tí a fi sílẹ̀ bí ó ti wà kì í rúwé nígbà gbogbo. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, a rúwé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn ewé náà bá ti le, ó lè dúró kí ó tó tún rú. Ní àárín àkókò wọ̀nyí, ìyá kòkòrò a pàdánù ibùsùn, a dàgbà, a kú. Àwa ni a fi àdá ọjọ́ Sátidé mú àkókò ìdúró yẹn kúrò. Bí ẹ̀ka kan bá ń le, a ti gé òmíràn tí ó ń yọ èéhù. Bí oúnjẹ bá tán ní yàrá kan, a ti tẹ́ tábìlì sí yàrá kejì.

Bí ó bá jẹ́ pé ewé kíká kò nìkan ni ìpalára rẹ̀, a kì bá tí pè yín jọ. Oje tí ó ń mu kò tó ohun tí yóò pa igi ńlá. Ohun tí ó burú ni àrùn tí ó lè gbé. Àwọn àgbẹ̀ ìhà gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n fún àrùn náà ní orúkọ, Huanglongbing, nítorí ẹ̀ka tí ewé rẹ̀ ń pọ́n bí ìyeyè láàárín àwọn ẹ̀ka tí ó ṣì tutù. Onímọ̀ ará Ṣáínà kan, Lin Kung-hsiang, fi hàn ní ọdún 1956 pé bí a bá lọ́ ẹ̀ka igi aláìsàn sára igi tí ara rẹ̀ yá, àrùn náà yóò kọjá sí i. Ní àwọn ọdún 1960 ni a sì fi hàn pé agbédìísókè náà ń gbé e láti igi dé igi. Bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Inú ọ̀nà oje ni ó ń gbé. Igi tí ó bá mú a máa ní ewé tí àbààwọ́n rẹ̀ kò bára mu ní apá méjèèjì. Èso rẹ̀ a wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí èso a máa tutù nígbà tí orí rẹ̀ pọ́n, omi rẹ̀ a sì korò. A kò tíì rí oògùn tí ń mú igi náà sàn pátápátá.

Ibi tí kòkòrò ń yé ẹyin sí àti bí àrùn ti ń ràn kò ṣeé yà nípa. Abo tí ó ní àrùn nínú ara wá yé ẹyin sí ọ̀mùnú. Bí ó ti ń mu oje níbẹ̀, ó pọ bakitéríà sínú ọ̀mùnú kan náà. Ní ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀mùnú yẹn ti lè kó àrùn ran àwọn ọmọ tí ó pa níbẹ̀. Ẹ fi èyí wé ọ̀sẹ̀ méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà tí àwọn ọmọ bá hu ìyẹ́ tí wọ́n fẹ́ fò lọ, oúnjẹ tí ìyá wọn sè sílẹ̀ fún wọn ti di májèlé, wọ́n sì ti ru ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni igi kò rí nǹkan kan. Ewé rẹ̀ kò ní fi àmì hàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ó ń ju ọdún kan lọ. Ẹni tí ó bá dúró de àmì kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ ti pẹ́.

A wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1998 ni a kọ́kọ́ rí kòkòrò náà níbẹ̀. Ó tàn kálẹ̀ kíákíá, a sì mọ ọ̀nà kan tí ó gbà: igi ọ̀ṣọ́ kan wà, olódòdó funfun, olóòórùn dídùn, tí a ń gbìn ṣe ọgbà yí ilé ká, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Murraya. Ìbátan ọsàn ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rúwé nígbà gbogbo, nítorí náà agbédìísókè fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. A ń tà á nínú ìkòkò láti ìlú dé ìlú, ẹyin àti ọmọ kòkòrò wà lára ọ̀mùnú rẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní oṣù Ògún ọdún 2005, a rí àrùn náà. Ní àkókò ìkórè ọdún 2003 sí 2004, Florida kó ọsàn tí ó lé ní 240 mílíọ̀nù pálí, tí pálí kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó nǹkan bí kílò 40. Ní àkókò ìkórè 2022 sí 2023, wọn kò kó tó 16 mílíọ̀nù. Ìjì líle pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ìdínkù yìí, ó yẹ kí a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ ohun tí ó ti sọ igi wọn di aláìlera ṣáájú ìjì.

Ti Brasil yàtọ̀ díẹ̀, ọ̀ràn rẹ̀ sì kàn wá jù. Níbẹ̀, kòkòrò náà ti wà láti bí ọdún 1942. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n kà á sí ohun kékeré, nítorí àrùn kò sí. Ní ọdún 2004 ni a rí àrùn ní ìpínlẹ̀ São Paulo. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọkọ̀ fi dúró kí ẹrù tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù dé, ọkọ̀ ti wà ní gbogbo oko. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ní ọdún 2016 ni a tẹ ìròyìn jáde pé a rí kòkòrò náà ní Tansania. Ní ọdún 2020, a tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó ti wà ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ní ilẹ̀ wa yìí. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ewé ọsàn tí ó ká kò kì í ṣe ọ̀ràn, ẹ bi í léèrè ohun tí àwọn ará Brasil ń sọ ní ọdún 2003.

Ẹnìkan bi wá léèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá bí kòkòrò tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì ṣe ń rí ọ̀mùnú láàárín ewé tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ojú wá a, nítorí àwọ̀ ọ̀mùnú mọ́lẹ̀ ju ti ewé gbígbó lọ, ó sì súnmọ́ àwọ̀ ìyeyè. Èyí ni ó mú kí àwọn àgbẹ̀ máa fi páálí aláwọ̀ ìyeyè tí a fi oje dídì kùn mú un. Ó ń fi òórùn wá a pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá dé, a fi ẹnu gún un wò. Ọ̀ràn òórùn yìí ní àrékérekè nínú: igi tí àrùn ti mú a máa tú òórùn kan jáde tí ń fa agbédìísókè wá, ó dé, ó mu, kò rí ohun tí ó ń retí, ó sì fò lọ sí igi tí ara rẹ̀ yá pẹ̀lú ohun tí ó kó. Ní ilẹ̀ Vietnam, àwọn àgbẹ̀ kan ṣàkíyèsí pé níbi tí gúáfà wà láàárín ọsàn, kòkòrò náà kì í pọ̀, a sì gbà pé òórùn ewé gúáfà ń lé e. Nígbà tí a dán an wò ní Florida, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹ gbin gúáfà nítorí èso rẹ̀.

Kì í ṣe agbédìísókè nìkan ni ó ń ṣa ibi tí yóò yé ẹyin sí. Labalábá ńlá dúdú alámì ìyeyè tí gbogbo yín mọ̀, ọ̀mùnú ọsàn ni òun pẹ̀lú ń wá; a fi ẹsẹ̀ iwájú tọ́ ewé wò, a yé ẹyin kan, a sì lọ. Ìdin rẹ̀ ni ẹ máa ń rí tí ó dàbí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé, tí ó máa ń yọ ìwo méjì olóòórùn burúkú nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án. Ojú lè rí i, ọwọ́ lè ṣà á. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ bí kò ṣe lára igi kékeré.

Ọ̀tá agbédìísókè kan wà tí òun náà ń ṣa ibi tí yóò yé sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn mọ́ wa. Agbọ́n tín-ín-tín kan ni, tí kì í ta ènìyàn, Tamarixia radiata ni orúkọ rẹ̀. Láti ilẹ̀ Punjab ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ọdún 1922. Ìyá agbọ́n yìí a wá ọmọ agbédìísókè tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu ìyẹ́, a sì yé ẹyin kan ṣoṣo sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Ọmọ agbọ́n yóò máa jẹ ọmọ agbédìísókè láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi ku èèpo lásán. Ní erékùṣù Réunion, ní àwọn ọdún 1970, a kó agbọ́n yìí dé, ó sì mú kí kòkòrò náà dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n èèrà kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Ọmọ agbédìísókè a máa su omi dídùn, èèrà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń lé agbọ́n kúrò bí olùṣọ́ tí a san owó fún. Ohun dúdú tí a rí lórí ewé wa, lórí omi dídùn yẹn ni ó hù. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà èèrà láti ìdí igi ọsàn rẹ̀, tí ó sì gé gbogbo ẹ̀ka tí ó kan ògiri tàbí ilẹ̀, ti ṣe ìrànlọ́wọ́ fún agbọ́n.

Ní ti rírẹ́ igi lọ́wọ́, a ti yí ìwà padà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a ń ṣe é báyìí, gbogbo igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n lè rúwé pọ̀ kí wọ́n sì le pọ̀. Ní àkókò tí wọ́n bá ń rúwé, a ń wò wọ́n ní ọjọ́ kẹta-kẹta. Èyí tí a bá rí ẹyin lára rẹ̀, a já a, a sì sun ún. A kò jù ú sí ìdí igi, nítorí ọmọ kòkòrò lè rìn. Láti mọ̀ bí àgbà kòkòrò wà, a tẹ́ ìwé funfun sí abẹ́ ẹ̀ka, a sì fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ó bá jábọ́, a kà á kí ó tó fò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara igi tí ó wà létí oko, nítorí etí oko ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ pọ̀.

Ó ku ọ̀ràn kan, òun ni ó sì ṣòro fún wa jù. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí ń ta igi ọsàn kékeré nínú ọ̀rá létí títì. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ kan, ó bi wá pé, “Bàbá, ṣé kí n má tà mọ́ ni?” Ó ti gbọ́ pé a ń sọ pé ara ọ̀mùnú ni ẹyin ń gbà rìnrìn-àjò. A kò lè sọ fún un pé kí ó má tà. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé kò sí ewu, nítorí ọ̀mùnú tí ó tutù yọ̀yọ̀, èyí tí oníbàárà fi ń mọ igi tí ó dára, òun gan-an ni ibùsùn tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé kí ó máa já gbogbo ọ̀mùnú kúrò kí igi tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sun wọ́n, kí ó gbọn igi náà dáradára, kí ó má sì ra igi láti ọ̀nà jíjìn wá tà. Ó ní àwọn oníbàárà yóò wí pé igi òun kò dára mọ́. Òtítọ́ ni. Nítorí náà ẹ̀yin oníbàárà ni a ń bá sọ̀rọ̀ báyìí: bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ẹ rí igi tí a ti já ọ̀mùnú rẹ̀, ẹ má dín owó rẹ̀ kù. Bákan náà, ẹ má ṣe gbé ẹ̀ka ọsàn tàbí ti igi ọ̀ṣọ́ olódòdó funfun nì láti ìlú kan lọ gbìn ní ìlú mìíràn, bí ó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ẹni tí ó fún yín tó.

A ti já ọ̀mùnú mẹ́ta wá láti ara ọsàn wẹ́wẹ́ ilé wa ní òwúrọ̀ òní. Wọ́n wà nínú ìgò yìí lórí tábìlì, a sì ti dé e pinpin. Awò náà nìyí. Kí àwọn àgbà kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọdé tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ibi tí àwọn ewé kékeré méjì ti pàdé, nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó sì rí wọn, wọ́n pọ́n bí ọsàn, wọ́n dúró ṣánṣán.